Wáìnì Ìdàpọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Alàgbà

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló jókòó síwájú wa, tó sì rò ó látòkè délẹ̀. Ó ní kí a kọ ọ́, bóyá yóò kọ́ ẹlòmíì lọ́gbọ́n. Ó bẹ̀ wá pé kí a yí orúkọ òun padà, a sì ti yí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ará Adó-Èkìtì, tí ẹ rí alàgbà kan ní Fájuyì tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní Alàgbà Rótìmí. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó di ọ̀gá ilé-ìwé, ó di ẹni tí ìjọba ń rán kiri láti yẹ ilé-ìwé wò, ó sì fẹ̀yìn tì. Nínú iṣẹ́ ìrìnkiri yìí ni wọ́n ti máa ń pè é sí ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fi wáìnì pupa kan ẹnu. Láti ọjọ́ náà, àárín òun àti wáìnì pupa gún régé.

Kì í ṣe ọ̀mùtí o. Ife kan ni, nígbà míì ife méjì. Kò ṣubú rí, kò sì bú ẹnikẹ́ni rí. Inú ife tíì ló ti ń mu ún nílé, bí wọ́n bá bi í, á ní sóbò ni. Àwọ̀ àwọn méjèèjì kúkú jọra. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀.

Monínúọlá, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ọtí ló sì pa á. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá náà, ọmọdé ni Monínúọlá. Ó dúró létí sàréè, ó ní ọtí kò ní kan ẹnu òun láé, kò sì ní wọ ilé tí òun bá ń gbé. Kó tó gbà láti fẹ́ Rótìmí, ó rò ó fún un, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí?" Rótìmí ní òun gbọ́. Nígbà yẹn, òótọ́ ló sọ.

Bí ẹ bá bi Alàgbà léèrè ohun tó ṣeyebíye lójú rẹ̀ jù láyé yìí, kò ní dárúkọ ilé, kò ní dárúkọ ọkọ̀. Ojú tí Monínúọlá fi ń wò ó ni. Obìnrin náà gbà á gbọ́ bí èèyàn ṣe ń gbà pé ilẹ̀ tí òun dúró lé kò ní rì. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ Tọkọtaya ìjọ wọn ló dá ìrìn àjò náà sílẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń dá àjọ fún un. Wọn yóò wọ bàálù lọ sí Durban ní Gúúsù Áfíríkà, wọn yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá níbẹ̀, èyí tí ó ní yàrá àti ilé oúnjẹ nínú. Dùnmínínú, ọ̀dọ́bìnrin tó ní ọ́fíìsì ìrìn àjò ní Fájuyì, ló wá ṣàlàyé fún wọn nínú gbọ̀ngàn ìjọ lẹ́yìn ìsìn.

"Níbo lọkọ̀ náà ń lọ?" Màmá Kíkẹ́lọmọ ló béèrè. Opó ni, òun ló sì dàgbà jù nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, wọn kò lè ní kó kúrò nínú Ẹgbẹ́ Tọkọtaya. Ta ló tó sọ ọ́ fún un?

"Kò lọ síbì kankan, Mọ́mì," Dùnmínínú dáhùn. "Yóò rìn lójú òkun, yóò sì padà síbi tó ti gbéra."

"Ùn-hùn. A ó gbéra ní Èkìtì, a ó sanwó, ká má lọ síbì kankan."

"Ìgbádùn ni, Mọ́mì."

"Mo gbọ́. Ulé mi ni mo ti ń gbádùn àìlọ síbì kankan látọjọ́ yìí. Ẹnìkan ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Dùnmínínú náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá sórí ohun mímu.

Ó ní oúnjẹ wà nínú owó tí wọ́n san, omi lásán àti tíì àárọ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun mímu tó kù, ètò mẹ́ta ni àwọn ọlọ́kọ̀ ní fún un, kí oníkálùkù yan tirẹ̀. Ètò kan wà fún mínírà àti omi èso. Ètò kan wà tó fi wáìnì àti bíà kún un. Èyí tó kẹ́yìn kó gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn káńtà, títí dé orí ọtí líle. Ẹni bá ti sanwó ètò, káàdì rẹ̀ ni yóò kàn máa fi hàn, wọn yóò máa bu fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Nígbà tó dárúkọ èyí tó ní wáìnì, ọkàn Alàgbà Rótìmí dìde dúró. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Díẹ̀ ló kù kó ṣe àmín.

"Ṣùgbọ́n o," Dùnmínínú ní, "bí ẹnì kan nínú yàrá bá gba ètò ọlọ́tí, àgbàlagbà kejì tí wọ́n jọ wà nínú yàrá náà gbọ́dọ̀ gbà á. Wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan sanwó, kí ẹni méjì máa mu."

Ọkàn Alàgbà padà jókòó.

"Èyí tí kò kàn wá rárá nìyẹn," Monínúọlá sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ Ọlátúndé ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ètò mínírà nawọ́. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ti Alàgbà Rótìmí ló kọ́kọ́ lọ.

Dùnmínínú ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nígbà tó rántí ọ̀kan sí i. "Àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tún láǹfààní láti mú ìgò wáìnì kan wọkọ̀ nínú báàgì ọwọ́. Kó jẹ́ èyí tí wọn kò tíì ṣí. Bí ẹ bá mu ún nínú yàrá yín, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá gbé e lọ sílé oúnjẹ, wọ́n á gba owó ìṣígò. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, mo mọ̀ pé kò kàn yín."

Kò kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lóòótọ́, àfi ẹnì kan. Alàgbà Rótìmí wo àwọn ènìyàn Ọlọ́run tó yí i ká. Ó wo Pásítọ̀. Ó wo Màmá Kíkẹ́lọmọ. Kò rí ènìyàn mọ́, ìgò ló ń rí. Ẹnì kan, ìgò kan. Gbogbo ẹ̀tọ́ yìí yóò sì ṣòfò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ aláìmutí ló ni ín. Tíṣà sì ni, ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìfiṣòfò kò dára.

Ló bá dìde. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, nǹkan kan wá sí mi lọ́kàn."

"Ẹ wí i, Alàgbà."

"Ọjọ́ Àìkú yóò bá wa lójú òkun. Ṣé a ó jẹ́ kí ọjọ́ Olúwa kọjá láìjẹ Ìdàpọ̀ Mímọ́? Bí olúkúlùkù wa bá mú ìgò kan dání, a ó rí èyí tí a ó fi ṣe é."

Pásítọ̀ Ọlátúndé yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í padà. "Ẹ̀yin lẹ ronú kan èyí? Kí Ọlọ́run bù kún yín, sà. Èmi Pásítọ̀ kò rò ó."

Monínúọlá ló ń tọ́jú tábìlì Ìdàpọ̀ ní ìjọ wọn. Òun náà ló máa ń se ohun tí wọ́n fi ń ṣe Ìdàpọ̀, àjàrà gbígbẹ àti sóbò ni, nítorí pé ìjọ náà kì í fi ọtí ṣe é. Ó ní, "Ṣé kí n sè é nílé, ká rọ ọ́ sígò?"

"Wọ́n ní kó jẹ́ èyí tí wọn kò tíì ṣí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é," ọkọ rẹ̀ tètè fèsì. "Má ṣe ìyọnu. Bí a bá dé Durban, èmi ni n ó rà á fún gbogbo ẹgbẹ́. Wáìnì tí kò ní ọtí nínú wà, mo mọ̀ ọ́n."

Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sílé, Monínúọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú títì, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí wọn. "Bàbá Fúnkẹ́mi, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, èmi ni mò ń jí yín sí àdúrà. Lónìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rántí Ọlọ́run. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kó tó pẹ́ jù. Ó ní, "Ọlọ́run ni ọpẹ́ yẹ."

Ohun tí a bá fẹ́ fi pamọ́, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́ di ti Ọlọ́run, nítorí àwọn ènìyàn Ọlọ́run a máa ràn wá lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, Monínúọlá lọ sí Ọjà Ọba, ó ra aṣọ funfun, ó sì rán àpò kékeré kọ̀ọ̀kan fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ta aṣọ fún un béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó rò ó fún un, kò sì fi orúkọ ọkọ rẹ̀ pamọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọjà ti gbọ́. Àwọn tí Alàgbà kò mọ̀ rí ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní Fájuyì pé, "Sà, a gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbé Ìdàpọ̀ lọ sójú òkun." Alàgbà ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n dé Durban. Alàgbà dá lọ sí ilé ìtajà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì wọn. Ó ra ìgò kan tí kò ní ọtí, nítorí pé kò fẹ́ fi Ọlọ́run ṣeré pátápátá. Gbogbo èyí tó kù, wáìnì pupa ojúlówó ni.

Ètò tó ṣe kò le. Ife kékeré ni ife Ìdàpọ̀, ìgò kan á tó gbogbo wọn. Àwọn yòókù á ṣẹ́ kù. Ta ni yóò wá bá wọn tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù? Òun náà ni. Ó so òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn àpò èyí tí kò ní ọtí, kó má baà ṣì í mú. Ó pín ìgò fún olúkúlùkù nínú àpò funfun tí ìyàwó rẹ̀ rán, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u, nítorí ọ̀wọ̀.

Ní etíkun, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹrù wò rí ìgò nínú báàgì ẹni àkọ́kọ́. Ó rí i nínú ti ẹnì kejì. Nígbà tó máa kan Màmá Kíkẹ́lọmọ, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ta ni wọ́n ń lọ bá ṣe àríyá.

"Jésù," ni Màmá fèsì, ó sì gba báàgì rẹ̀ kọjá.

Nínú ọkọ̀, Alàgbà ní kí wọ́n kó gbogbo ìgò wá sí yàrá òun kó má baà fọ́. Ó tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi apá tí òun ń sùn sí. Ẹgbẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá tú jáde sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi káàdì mínírà wọn gba omi ọsàn bí ẹni pé ọsàn kò sí l'Ékìtì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Monínúọlá bá àwọn obìnrin lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ sínú omi. Alàgbà ní ó rẹ òun díẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, ó ti wà lórí eékún, kì í ṣe fún àdúrà. Ó mú ìgò kan, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó sì bu wáìnì sínú ife tí wọ́n fi ń fọ ẹnu. Ó dùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó dùn gan-an. Ó tún bu òmíràn.

Ìgbà náà ni wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. "Bàbá Fúnkẹ́mi, ṣé inú ló ń run yín ni?"

"Díẹ̀," ó ní láti inú. Ó ki ìgò sínú aṣọ ìnura, ó ju orógbó sẹ́nu, ó sì jáde bí aláìsàn.

Monínúọlá mú kó dùbúlẹ̀. Ó gba omi gbígbóná wá fún un. Ó gbé ọwọ́ lé e níkùn, ó sì gbàdúrà gígùn pé kí gbogbo ohun àjèjì tó wọ ikùn ọkọ òun jáde. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọkùnrin tí wọ́n ń gbàdúrà lé níkùn, tí wáìnì wà nínú ikùn náà. Ìtìjú mú un débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìrora ni, ló bá tún àdúrà náà gbà. Nígbà tó sùn lóru, Alàgbà da ìyókù ìgò náà sínú ihò omi ilé ìwẹ̀, ó sì ju ìgò òfìfo nù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó jí, Monínúọlá kò sí ní yàrá. Alàgbà wẹ̀, ó múra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìgò tó ní òwú pupa. Kò sí ìgò kankan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ lásán ló bá níbẹ̀.

Ó sáré. Ọkùnrin tó ní inú ń run òun, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó dé yàrá ìpàdé tí àwọn ọlọ́kọ̀ yọ̀ǹda fún wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ ti jókòó nínú aṣọ funfun. Àwọn ìgò tò lórí tábìlì nínú àpò wọn, Monínúọlá sì dúró tì wọ́n, ojú rẹ̀ ń dán. Alàgbà wo ọrùn àpò kọ̀ọ̀kan. Kò rí òwú pupa.

Ó rọra bi ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Fúnkẹ́mi, òwú kan wà lára ọ̀kan."

"Mo ti já a. Mi ò fẹ́ wúruwùru lórí tábìlì Olúwa."

Ó yíjú sí Pásítọ̀. "Ṣé kì í ṣe ọ̀kan ló yẹ ká gbé wá, sà? Ọ̀kan á tó wa."

"Alàgbà, olúkúlùkù ló gbé tirẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ti ta ni kí n fi sílẹ̀?" Pásítọ̀ Ọlátúndé na ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó sì gbàdúrà ìyàsímímọ́ sórí gbogbo rẹ̀.

Òfin kan wà ní ìjọ wọn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ohun tí wọ́n bá ti gbàdúrà Ìdàpọ̀ sí, wọn kì í dà á nù, wọn kì í sì gbé e padà sílé. Àwọn tó jẹ Ìdàpọ̀ náà ni yóò mu ún tán kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ní Adó, ohun tó máa ń ṣẹ́ kù kì í ju ẹ̀kún ife lọ. Alàgbà mọ òfin yìí dáadáa, òun ló ń fi kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tuntun.

Monínúọlá ṣí ìgò àkọ́kọ́. Àánú Ọlọ́run pọ̀, èyí tí kò ní ọtí ni. Alàgbà mọ̀ ọ́n bó ṣe kàn án lẹ́nu. Gbogbo wọn mu tiwọn nínú ife kékeré, wọ́n kọrin, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ má dìde o," Pásítọ̀ ní. "Ẹ mọ òfin wa. Ẹ bá wa wá gíláàsì omi, ife kékeré ò lè ká iṣẹ́ yìí."

Wọ́n kó gíláàsì wá. Monínúọlá ṣí ìgò kejì, ó bu ú fún olúkúlùkù, ó sì fi tirẹ̀ ṣe ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹni tó ń tọ́jú tábìlì.

Pásítọ̀ mu tirẹ̀. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí lágbára díẹ̀," ó ní. "Bóyá bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn."

Màmá Kíkẹ́lọmọ gbé gíláàsì sókè, kò gbé e kalẹ̀ títí tó fi gbẹ. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Nǹkan kan ń móoru bọ̀ nísàlẹ̀ àyà mi."

"Báwo ló ṣe rí, Mọ́mì?" Dùnmínínú, tó bá wọn rin ìrìn àjò náà, béèrè.

"Uṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹ̀. Ẹ tún bu díẹ̀ sí i."

Wọ́n tún bu díẹ̀ sí i. Ẹnì kan ní òun náà mọ̀ ọ́n lára. Ẹlòmíì ń pàtẹ́wọ́. Alàgbà Rótìmí jókòó. Ó ń ṣírò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bí ọtí ṣe ń rí lẹ́nu nínú àwọn wọ̀nyí. Bí wọ́n bá yọ̀, Ẹ̀mí ni. Bí wọ́n bá sùn, òkun ni. Bí òun bá pa ẹnu mọ́, kò sí ẹ̀dá alààyè tí yóò mọ̀ láé.

Ìgbà náà ni Monínúọlá jókòó. Ó gbé gíláàsì tirẹ̀, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń gbàdúrà. Alàgbà wo ojú náà. Ìfura kankan kò sí níbẹ̀. Ọmọdébìnrin tó dúró létí sàréè ní Ìyìn ló ń wò, òun sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọtí sí i lẹ́nu.

"Monínúọlá."

Kò pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo ènìyàn yíjú.

"Má mu ún. Ọtí ni."

"Ọtí báwo?" Pásítọ̀ béèrè.

"Ọtí gidi, sà. Gbogbo rẹ̀, àfi ìgò tí a kọ́kọ́ ṣí. Èmi ni mo rà á bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀."

Monínúọlá gbé gíláàsì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ta lẹ rà á fún?"

"Ara mi."

"Ṣé ẹ máa ń mu ún nílé?"

"Mo máa ń mu ún."

"Sóbò yẹn?"

"Kì í ṣe sóbò."

"Ìdàpọ̀ ojú òkun ńkọ́? Ṣé ẹ tiẹ̀ ronú kan Ọlọ́run rárá lọ́jọ́ yẹn?"

Alàgbà lè purọ́ kan sí i. Ẹnikẹ́ni kì bá mọ̀. "Ìgò ni mo ronú kàn," ó ní.

Monínúọlá nu ibi tí wáìnì díẹ̀ ta sí lórí tábìlì. Ó ká aṣọ tó fi nù ún, ó fi í lélẹ̀, ó sì jáde. Ọkọ rẹ̀ ní kó máa ké mọ́ òun ni ìbá rọrùn jù.

"Gíláàsì méjì ni mo mu," Màmá Kíkẹ́lọmọ sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀mí."

Wọn kò lè mu èyí tó kù, wọn kò lè dà á sókun, òfin ọkọ̀ kò gbà á. Pásítọ̀ fi wọ́n fún àwọn ọlọ́kọ̀ láti bá wọn tọ́jú di ọjọ́ tí wọn yóò gúnlẹ̀, ó ní Alàgbà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ìdí igi, níbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀, kó má baà di ohun tí wọ́n dà nù lásán. Monínúọlá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá Màmá Kíkẹ́lọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dùnmínínú wá bá Alàgbà níbi tó dá jókòó sí. "Dádì, ní báyìí tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá, bí ẹ bá fẹ́ gba ètò ọlọ́tí, kò sóhun tó dí yín lọ́wọ́ mọ́."

Ọmọ náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Alàgbà wo òkun títí ọmọ náà fi lọ. Ohun tó ti ń fẹ́ láti Adó wá ló dé wẹ́rẹ́ yìí, ó sì korò lójú rẹ̀ ju jogbo lọ.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀ nígbà tí Monínúọlá wá dúró tì í. Kò wò ó. Omi ló ń wò.

"Kì í ṣe wáìnì yẹn ló ń dùn mí," ó ní. "Bàbá mi kì í lù wá. Kì í bú wa. Ó máa ń fi ìgò pamọ́ ni. Abẹ́ pákó, inú àpótí irinṣẹ́, ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìyá mi á ní kí n lọ wá a. Inú ìgò wíwá ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo fẹ́ yín, ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé mi ò ní wá nǹkan kan mọ́."

"Dárí jì mí."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní wá ìgò nínú ilé mi, Bàbá Fúnkẹ́mi. Mo ti wá tèmi tán ní kékeré. Bí ó bá jẹ́ pé n ó tún máa wá a, Ìyìn ni n ó padà sí."

Alàgbà mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń halẹ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ ká fò ó pé ó da wáìnì náà sílẹ̀ ìdí igi ní Durban lójú gbogbo ẹgbẹ́, àti pé ó di ojú rẹ̀ nígbà tó ń dà á, tí Màmá Kíkẹ́lọmọ sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ara fẹ́ra kù." Ẹ jẹ́ ká fò ó pé wọn kò tíì fi í lọ́rùn sílẹ̀ ní ìjọ títí dòní, bó bá ti mú ife tíì dání báyìí, ẹnì kan á béèrè bóyá sóbò ni. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé sí Adó, Monínúọlá jókòó sórí àga ní pálọ̀. Kò bọ́ bàtà. Kò gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Alàgbà kò dúró mu omi. Ó lọ sẹ́yìn àwọn ìwé àtijọ́ rẹ̀, ó gbé ìgò wá. Ó lọ sínú táyà tó wà lẹ́yìn ilé, ó gbé òmíràn wá. Ó gun àga, ó na ọwọ́ sókè àjà, ó gbé òmíràn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eruku. Ó tò wọ́n sórí tábìlì síwájú rẹ̀.

"Ṣé ó tán?" Monínúọlá béèrè.

"Ó tán."

Obìnrin náà mi orí pé òun gbọ́.

Alàgbà jókòó sórí àga tó kọjú sí i. Ibẹ̀ ló ti rántí pé ọ̀kan wà ní ilé jẹnẹrétọ̀, nínú páálí tí wọ́n fi ń kó òróró ẹ̀rọ. Òun nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Ó ti sọ pé ó tán, ó sì mọ bí ojú ìyàwó rẹ̀ yóò ṣe rí bí òun bá tún dìde. Bó bá di ọ̀la, tí obìnrin náà bá lọ sọ́jà, ó lè gbé e jù nù, kó sì parí síbẹ̀.

Ó jókòó díẹ̀ sí i. Ó dìde, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó sì gbé e wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún òróró nígbà tó fi í ti àwọn yòókù.

"Mo purọ́ fún ọ nígbà tí mo ní ó tán," ó ní. "Èyí ló kù."

Monínúọlá wo ìgò náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ó tán wàyí," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀.